Bí a ṣe ń ya fọ́tò irun dídì ní ìlànà J.D. 'Okhai Ojeikere

Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò irun dídì, ọ̀dọ̀ ayafọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere ni kí ó ti kọ́kọ́ kọ́gbọ́n. Ọmọ Emai ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, wọ́n bí i ní 1930. Ó ra kámẹ́rà Brownie ní 1950, ó sì ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò fún ìjọba ní Ìbàdàn kí ó tó bọ́ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àti sí Èkó lẹ́yìn náà. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun, kò sì dáwọ́ dúró títí iye wọn fi tó nǹkan bí 1,000.

Ìpàkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kámẹ́rà kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwòrán rẹ̀ rí, nítorí pé bí ojú bá ti hàn, ojú náà ni olùwòran yóò máa wò, iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí yóò sì di ohun tí a gbójú fò. Síbẹ̀, irú irun ni yóò sọ ibi tí ẹ ó dúró sí. Kọ̀lẹ́sẹ̀, tí ìlà rẹ̀ ń wá láti iwájú orí títí dé ọrùn, dára láti ẹ̀yìn gbọnrangandan. Ṣùkú ní tirẹ̀ ń gòkè lọ sí àárín orí, nítorí náà, kí obìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ yín, kí ìlà àti òkè rẹ̀ lè jọ hàn. Ẹ gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n gíga kan náà pẹ̀lú orí rẹ̀.

Irun dúdú a máa wọnú òkùnkùn lọ bí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá dúdú. Ẹ lo ògiri funfun tàbí aṣọ tí kò ní ọnà, kí ẹ sì jẹ́ kí obìnrin náà jìnnà díẹ̀ sí i kí òjìji má baà hàn.

Ìdí ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá ti iwájú wá tààrà, gbogbo irun yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá gba ojú fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́, òjìji díẹ̀díẹ̀ yóò wọ inú ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó sì lè kà wọ́n. Ògiri funfun a máa tan kámẹ́rà jẹ, irun yóò wá dúdú jù. Bí fóònù ni ẹ ń lò, orí irun gan-an lójú fóònù náà ni kí ẹ fọwọ́ tẹ̀, kí ògiri máa funfun lọ ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ orúkọ irun náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti ìlú, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò tú u. Ojeikere pe àwòrán rẹ̀ kan ti 1975 ní Onílé Gogoro tàbí Àkàbà, orúkọ méjì fún irun kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ẹ bá gbọ́. Ó tọ́jú fíìmù rẹ̀ dáadáa, èyí ni ó fi ṣeé ṣe fún Fondation Cartier, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, láti ṣe àfihàn wọn ní 2000, tí wọ́n sì tún dé àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti ìlú Venice ní Ítálì ní 2013, ọdún kan kí ó tó kú. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà fọ́tò yín pa mọ́ sí ibi méjì. Nǹkan kan ni n kò ní bá a ṣe: orúkọ irun ni àkọlé rẹ̀ máa ń sọ, kì í sọ ti onídìrí. Ẹ bèèrè orúkọ onídìrí, bí ó bá sì gbà, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ irun.