Mo Sanwó Fèrèsé, Ògiri Ni Mo Bá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Síìtì Bàálù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mo fowó kún tíkẹ́ẹ̀tì mi kí n lè jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ìlà 11, lẹ́tà A. Ìgbà tí mo débẹ̀, ògiri funfun báláú ni mo bá. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Ìdáhùn: Wọn ò lù ẹ́ ní jìbìtì, àmọ́ wọn ò sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ. Síìtì "fèrèsé" tí wọ́n tà fún ẹ, kò ju pé ìwọ lo sún mọ́ ara bàálù jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ Boeing 737, ọ̀pá tó ń gbé atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù lọ sókè àjà gba inú ògiri kọjá nítòsí ìlà 9 sí 12. Ibi tí ọ̀pá bá ti gbà, fèrèsé ò lè gbà á. Bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń to síìtì yàtọ̀ síra, nítorí náà nọ́ńbà ìlà yẹn ń yẹ̀.

Èmi náà ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Láti Èkó dé Àbújá, ike ni mo ń wò, ọmọdékùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ń pariwo, "Mọ́mì, ẹ wo odò! Ẹ wo odò!" Mo yọ́rùn títí, etí fèrèsé rẹ̀ nìkan ni mo rí. Láti ọjọ́ náà, kí n tó yan síìtì, mo máa ń kọ́kọ́ wo irú bàálù tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, màá wá wá àwòrán bí wọ́n ṣe to síìtì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ máa ń sọ èyí tí kò ní fèrèsé. Bí o bá ti wọlé ná, tí ògiri sì kojú ẹ, rọra sọ fún òṣìṣẹ́ inú bàálù kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Bí àyè bá ṣófo, wọ́n á sún ẹ.

Ìbéèrè: Fèrèsé wà níbi tèmi, àmọ́ ìyẹ́ bàálù ló bo gbogbo ilẹ̀. Níbo ni kí n jókòó sí?

Ìdáhùn: Iwájú ìyẹ́ ló dára jù. Ẹ̀yìn pátápátá náà dáa, àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá wà lábẹ́ ìyẹ́, ooru tó ń tú jáde níbẹ̀ máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ máa mì lójú ẹ, bí ìgbà téèyàn ń wo títì lọ́sàn-án gangan. Bó bá jẹ́ bàálù alábẹ̀bẹ̀ kékeré bíi ATR 72 ni, má dààmú: òkè fèrèsé ni ìyẹ́ tiẹ̀ wà.

Ìbéèrè: Àárọ̀ kùtù ni mo fẹ́ wọ bàálù láti Èkó lọ Àbújá. Wọ́n ní kí n jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún kí n lè rí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ṣé kí n gbọ́ tiwọn?

Ìdáhùn: Má gbọ́ tiwọn. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni Lọ́kọ́ja máa wà, àmọ́ bí bàálù bá gba ọ̀nà tààrà, á tó nǹkan bíi kìlómítà 80 sí ẹ. Oòrùn àárọ̀ á tún máa gún ẹ lójú, torí àríwá ìlà-oòrùn ni bàálù dorí kọ, ọwọ́ ọ̀tún sì ni oòrùn ti ń yọ.

Òsì ni kí o lọ, lẹ́tà A. Atẹ́gùn òkun ló sábà máa ń fẹ́ wọ Èkó láti gúúsù, bàálù sì máa ń kojú atẹ́gùn kó tó gbéra. Tó bá ti fò sí gúúsù láti Ìkẹjà, á wá yí sí òsì. Ìyẹ́ òsì á rẹlẹ̀, fèrèsé ẹ á dojú bolẹ̀, gbogbo ọ̀sà á wá tẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹ: Afárá Third Mainland tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, àti àwọn ilé Mákòókò tí wọ́n fi igi gbé dúró sójú omi, èéfín ń rú lórí wọn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi máa ń tán, nítorí náà má tíì tẹjú mọ́ fóònù. Odò Ọya ńkọ́? Bàálù á sọdá rẹ̀, tòsì tọ̀tún ló máa rí i. Bó bá sì wá balẹ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, Àpáta Zuma á wà lápá òsì, níwájú díẹ̀.

Ìgbà wo lo ń lọ? Tó bá jẹ́ nínú ọ̀yẹ́ ni, tọwọ́ bọ àpò, sùn. Eruku aṣálẹ̀ ò ní jẹ́ kó o rí nǹkan kan. Oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá lojú ọ̀run máa ń mọ́ jù, tí òjò ti fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, mo ń lọ wẹ ọmọ fún àbíkẹ́yìn mi ní London. Apá ibo ni kí n jókòó sí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọwọ́ lómi, mà. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Nínú bàálù ńlá, lẹ́tà K ló sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ ẹ bá lọ lọ́sàn-án, ó lé ní wákàtí méjì tẹ́ ẹ máa fi kọjá lórí Sàhárà, oòrùn ọ̀sán á sì máa lọ sápá òsì, kò ní yọ yín lẹ́nu. Bó bá jẹ́ òru ni, ẹ máa wo iná gáàsì tó ń jó láwọn kànga epo Algeria, bí ààrò tí wọ́n gbàgbé sóko. Ọ̀tún náà ni ilẹ̀ á ti mọ́ bá yín.

Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London, ló wá jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá, ó máa ń tó ọjọ́ méje tí bàálù ń balẹ̀ síbẹ̀ láti ìlà-oòrùn, ìgboro London á sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún: odò Thames tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, Tower Bridge, àti àgbá London Eye. Bí atẹ́gùn bá yí padà, apá kejì ni wọ́n á gbà wọlé, ààfin Windsor á bọ́ sọ́wọ́ òsì. Ìyẹn, kò sọ́gbọ́n tá a lè dá sí i.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo wọ ìgò ojú mi, àwọ̀ òṣùmàrè ni mo ń rí lára fèrèsé. Ṣé ojú mi ló ń bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ojú ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ìgò tó ń dín dídán oòrùn kù ló ń jà pẹ̀lú ike fèrèsé. Bọ́ ọ. Tó o bá fẹ́ ya fọ́tò, pa iná fóònù, gbé e sún mọ́ fèrèsé gan-an, kí o fi jákẹ́ẹ̀tì dúdú bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ojú tìẹ má baà hàn nínú àwòrán. Má bẹ̀rù ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé, tí yìnyín máa ń yí ká. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a lu ni.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo èyí tẹ́ ẹ ní kí n ṣe, síbẹ̀ orí ìyẹ́ ni mo bá ara mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Wọ́n ti pààrọ̀ bàálù. Bí wọ́n bá gbé irú mìíràn wá, 7A tó wà níwájú lánàá lè bọ́ sórí ìyẹ́ lónìí. Tún tíkẹ́ẹ̀tì ẹ ṣí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wo orúkọ bàálù náà. Bó bá ti yí padà, yan síìtì míì kí àwọn yòókù tó jí.