Bí a ṣe ń fi páálí àti rúlà wọn bí ojú ṣe ń tan wá tó

Àwòrán ìtànjẹ ojú kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ èèyàn kì í gbà tán pé ìlà méjì dọ́gba àfi ìgbà tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà wọ́n. Èyí tó tún dáa ju wíwò lọ ni kí a wọ̀n ọ́n, kí a mọ iye mìlímítà tí ojú fi ṣì í. Páálí funfun, bébà líle, rúlà, bírò dúdú, àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ìlà Müller-Lyer

Ọdún 1889 ni Franz Carl Müller-Lyer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé àwòrán yìí jáde. Ìlà méjì tó gùn dọ́gba ni. Ẹnu ìlà kìíní ní apá ọfà tó ṣẹ́ padà sínú, ẹnu ìkejì ní apá ọfà tó na síta. Èyí tí apá rẹ̀ na síta ni ọ̀pọ̀ ojú máa ń rí pé ó gùn jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́nà tí a ó fi lè máa fà á wọlé fà á jáde. Ẹ gé páálí kan, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24, kó fẹ̀ ní 6. Ẹ wá mú bébà líle tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 14, ẹ fi yí páálí náà po, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lẹ́yìn, kó di àpò tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀. Àyè mìlímítà 2 péré ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún páálí láti rìn nínú rẹ̀. Bí àpò bá tú jù, páálí á máa wọ́, ìlà inú rẹ̀ kò ní wà lójú kan náà pẹ̀lú tòde mọ́, iye tí ẹ bá rí kò sì ní ṣeé gbára lé.

Lára àpò, ẹ fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín gbùngbùn, kó parí gẹ́lẹ́ sí etí àpò lápá ọ̀tún. Apá ọfà ló kàn. Láti ẹnu ìlà, ẹ padà sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 1.7 lórí ìlà fúnra rẹ̀, ẹ gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlà náà, kí ẹ wá fa ìlà láti ibi méjèèjì wá sí ẹnu ìlà. Ẹ ṣe ẹnu kejì bákan náà, sínú. Apá kọ̀ọ̀kan á gùn ní sẹ̀ǹtímítà 2, á sì dúró ní ìwọ̀n dígírì 30. Bí ẹ bá na apá náà nàró sí i ni ìtànjẹ ń dín kù, tó bá sì dúró ṣánṣán ní dígírì 90, kò sí ìtànjẹ kankan mọ́.

Lára páálí tí à ń fà, ẹ fa ìlà gba àárín láti òsì, kó dúró níbi tó bá ku sẹ̀ǹtímítà 4 sí etí ọ̀tún. Ìwọ̀n apá ọfà tibẹ̀ kò yàtọ̀, àmọ́ ọ̀tún ló na sí, síta. Ẹ yí páálí dojú bolẹ̀, ẹ kọ 0 sí ẹ̀yìn ibi tí ìlà parí sí gẹ́lẹ́, kí ẹ máa sàmì sí mìlímítà kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀ wá sí apá àpò, títí dé sẹ̀ǹtímítà 14.

Ó kù kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Kí ó fà á títí ìlà méjèèjì á fi dọ́gba lójú rẹ̀, láìfi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ yí i padà, ẹ ka iye tó wà létí àpò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé 10 kí wọ́n tó dúró, nítorí pé ìlà kejì ti gùn tó lójú wọn. Ohun tó kù kó pé 10 ni ìtànjẹ náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà: ẹ̀ẹ̀mẹta láti ibi tó kúrú, ẹ̀ẹ̀mẹta láti ibi tó gùn jù, kí ẹ wá ro ó pọ̀, kí ẹ fi 6 pín in. Ìdí ni pé ibi tí ọwọ́ ti ń bọ̀ máa ń fa ìdáhùn sápá ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ má sì tún un ṣe jù, torí ojú máa ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, àṣìṣe á sì máa dín kù. Mímọ̀ tí èèyàn mọ̀ pé ẹ̀tàn ni kò wò ó sàn.

Kí ló fà á? Richard Gregory, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Bristol, gbà pé kọ̀rọ̀ ilé ló kọ́ ọpọlọ bẹ́ẹ̀: apá tó na síta jọ kọ̀rọ̀ yàrá tó jìnnà sí wa, ọpọlọ á sì fi kún gígùn rẹ̀. W.H.R. Rivers, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wọn èyí ní 1898 ní àwọn erékùṣù Torres Strait, láàárín Ọsirélíà àti New Guinea, ó sì rí i pé kò tan àwọn ará ibẹ̀ tó bó ṣe tan àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1966, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Segall, Campbell àti Herskovits, tẹ èsì tí wọ́n kó jọ láti ọ̀pọ̀ àwùjọ jáde, púpọ̀ nínú wọn ní Áfíríkà, ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín wọn. Síbẹ̀, ẹ fi òbìrìkítí rọ́pò apá ọfà, ìtànjẹ á ṣì wà, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Lójú tiwa, kọ̀rọ̀ ilé nìkan kò lè dá ru ẹrù yìí.

Ibi tí ojú kò ríran

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí iṣan ojú gbà jáde lọ sínú ọpọlọ, kò sí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Edme Mariotte, ará Faransé, ló ṣàwárí èyí ní àwọn ọdún 1660. Ẹ fa àmì ìròpọ̀ kékeré sí apá òsì páálí, ẹ kun òbìrìkítí dúdú tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí ọ̀tún, kí sẹ̀ǹtímítà 8 wà láàárín wọn. Ẹ bo ojú òsì, ẹ tẹ ojú ọ̀tún mọ́ àmì ìròpọ̀, kí ẹ máa fà á bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ibi tí ọwọ́ nà dé. Ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú, dúdú náà á pòórá. Bí kò bá pòórá, ojú ti yọ́ wò ó ni, tàbí ojú tí kò yẹ lẹ bò, tàbí páálí wọ́. Ẹ wá fa ìlà pupa gba àárín dúdú náà kọjá, kí ẹ tún un wò: ìlà á dà bí ẹni pé kò já rárá, nítorí ọpọlọ ti fi ohun tó yí ibẹ̀ ká dí i.

Àwọ̀ eérú kan náà

Edward Adelson ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló ya àwòrán pátákó onígun mẹ́rin dúdú àti funfun olókìkí náà ní 1995, níbi tí àwọ̀ kan náà ti jọ dúdú níbì kan, tó jọ funfun níbòmíràn. Ẹ lè fi bébà ṣe èyí tó rọrùn jù ú lọ. Láti ara bébà aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo, ẹ gé igun mẹ́rin méjì, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 3. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ àárín bébà dúdú, ìkejì mọ́ àárín funfun, kí bébà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Èyí tó wà lórí dúdú á mọ́lẹ̀ jù lójú, nítorí ojú kì í ka ìmọ́lẹ̀ lásán, ó ń fi í wé ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti fi hàn pé ọ̀kan ni wọ́n, ẹ da páálí 20 sí 10 lu sí ihò méjì, kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí àárín ọ̀kan jìn sí àárín ìkejì ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ gbé e lé wọn, ẹ ó rí i pé wọ́n dọ́gba. Bí ihò bá fẹ̀ ju 3 lọ, ẹ̀gbẹ́ á tún yọ, ìtànjẹ á padà. Bébà tó ń dán ló sì máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù, àti fèrèsé tó wà lápá kan ṣoṣo: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ lára ọ̀kan ju ìkejì lọ, wọn kò sì ní dọ́gba kódà nínú ihò. Ẹ ṣe é ní abẹ́ gílóòbù tó wà lókè tààrà.