Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú fífi fídíò wọn ìsúnkì ìfun ọmọ ẹja zebrafish

Ara ọmọ ẹja zebrafish mọ́ gaara. Bó bá ti pé ọjọ́ 5 tàbí 6 lẹ́yìn tí ẹyin gba àtọ̀, maikirosíkóòpù ń fi ìfun rẹ̀ hàn bó ṣe ń sún kì, láì fi abẹ kàn án. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Fídíò á dára lójú, kọ̀ǹpútà á po nọ́ńbà jáde, kó sì jẹ́ pé oògùn tàbí iná maikirosíkóòpù ni ẹ wọ̀n, kì í ṣe ìfun.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 3. Ìfun ṣì ń sún ségesège nígbà yẹn, pupa ẹyin sì ń dí ojú ìran. Ẹ má da ẹja tó ti jẹun pọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì jẹ. Bí ẹ bá lo kẹ́míkà PTU kí àwọ̀ dúdú má bàa yọ, gbogbo ẹja ni kẹ́ ẹ fún, tàbí kẹ́ ẹ má fún ìkankan, torí ó ń dí iṣẹ́ omi ara tó ń ti ọrùn wá lọ́wọ́.

Tricaine ni ìjàm̀bá ń ti wá jù. Oògùn oorun yìí ń dí ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú iṣan tó ń gbé àṣẹ, ìfun náà sì ní irú iṣan bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni nǹkan bí 160 mílígíráàmù nínú lítà omi 1. Ẹ fi Tris, kẹ́míkà tó ń dín kíkan omi kù, gbé pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) sí nǹkan bí 7, torí oògùn náà máa ń kan bí ọsàn bí Tris kò bá sí nínú rẹ̀. Ẹ má fi ẹja kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí òmíràn sì lo wákàtí kan. Ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ẹ ń wá.

Agarose, ohun tó ń dì bí ògì tútù láti fi di ẹja mú, ni kẹ́ ẹ lò, irú èyí tó ń yọ́ níwọ̀n ooru kékeré, 0.5 sí 1%. Èyí tó nípọn ń fún ikùn pọ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù sí nǹkan bí 37°C kí ẹ tó ki ẹja bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ, títí ojú méjèèjì á fi bo ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀ ní 28.5°C kí ara rẹ̀ balẹ̀. Yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ máa ń mú ìfun lọ́ra. Iná tó mú jù ń mú un yára.

Ìfun kì í kánjú: nǹkan bí ìgbì ìsúnkì 2 ní ìṣẹ́jú kan ló wọ́pọ̀. Fídíò ìṣẹ́jú 1 kò lè ya 2 sọ́tọ̀ kúrò lára 2.5, ti ìṣẹ́jú 5 lè fi ìyàtọ̀ 0.2 hàn. Ẹ má ya fídíò tó kúrú ju ìṣẹ́jú 5 lọ.

Àṣìṣe tó fara sin jù ni yíya àwòrán 1 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí pé ìgbì lọ́ra. Ọkàn ń lù ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń mi ìfun. Bó bá ń lù ní 2.03, kámẹ́rà yìí á gbé 2 jù nù, á sì fi 0.03 hàn, ìyẹn ìgbì 1.8 ní ìṣẹ́jú kan. Ta ló máa mọ̀ pé kì í ṣe ìfun? Àwòrán 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yanjú rẹ̀. 100 kàn ń jẹ àyè kọ̀ǹpútà ni. TIFF, irú fáìlì àwòrán tí ẹ lè tọ́jú láì fún un pọ̀, ni kẹ́ ẹ fi pamọ́, torí fídíò tí wọ́n fún pọ̀ máa ń pa ìyípadà kéékèèké rẹ́.

Nínú kymograph, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí ìgbì ṣe ń rìn lójú ìfun bí àkókò ṣe ń lọ hàn, ẹ kọ apá ibi tí orí wà sílẹ̀. Ìgbì tó ń lọ síwájú síhà orí kì í ṣe àìsàn. Ẹja tó yè kooro ní i. Ṣùgbọ́n ẹja tí ẹ dojú rẹ̀ kọ òdìkejì á yí ọ̀nà ìgbì padà lójú ìwé. Bí ẹja bá sún díẹ̀díẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ nínú fídíò, ẹ fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe kí ẹ tó wọn ohunkóhun.

Tó bá kan ìṣirò, ẹja ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe ìgbì. Ìgbì 40 láti ara ẹja 4 ṣì jẹ́ 4, bí gbogbo wọn bá sì ti inú ẹyin òbí kan ṣoṣo wá, ẹ mú ẹyin òbí mìíràn kún un.