Kí Ló Dé Tí Ṣírí Ìrẹsì Fi Ṣófo? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ooru, Òtútù àti Ìmọ́lẹ̀

Láàárín àwa Yorùbá tí a ń dáko ìrẹsì ní fàdámà (ilẹ̀ àbàtà etí odò) Gwagwalada, Kwali àti Abaji ní agbègbè Abuja, àti àwọn ará wa tó wà ní apá Kano, ẹ̀sùn kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìkórè: irúgbìn ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹni tó ta irúgbìn lẹ́bi, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ọjọ́ sẹ́yìn, ká wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tí ìrẹsì tanná. Díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn mi.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kwali ni mo ti ń dáko. Mo gbin irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 nígbà tí oṣù Kejìlá ti ń lọ sópin, mo bomi rin ín, mo fi ajílẹ̀ sí i, ó sì yọrí dáadáa ní oṣù Kẹta. Ní báyìí tó yẹ kí ṣírí tẹrí ba, ńṣe ló nàró gangan. Mo tẹ èèpo títí, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ fa ṣírí kan. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́, tí ìdí rẹ̀ ti jẹ, tí gbogbo rẹ̀ sì ti gbẹ funfun, kòkòrò tó ń gbẹ́ inú igi ìrẹsì ló pa á, ojú ọjọ́ kọ́. Bí kò bá yọ, ẹ mú èèpo kan tó ṣófo, kí ẹ fi èékánná là á sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí hóró bíńtín tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó rọ, oyún hóró ti dúró nìyẹn, oúnjẹ ni kò tó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé fọ́nrán tíntìntín tó ti gbẹ nìkan ló kù níbẹ̀, a jẹ́ pé oyún kò dúró rárá, ooru sì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Òdòdó ìrẹsì kì í pẹ́ láyé. Láàárín nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí, kì í sì í ju bíi wákàtí kan lọ tí yóò fi padé. Láàárín àkókò kúkúrú yẹn ni àpò ìyẹ̀fun akọ inú òdòdó gbọ́dọ̀ bẹ́, kí ìyẹ̀fun náà bọ́ síbi tí yóò ti hù wọlé lọ bá ẹyin. Bí ooru bá ti kọjá 35°C lásìkò náà, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan péré, àpò náà kì í bẹ́ dáadáa mọ́, èyí tó bá sì bọ́ sílẹ̀ lè gbẹ kí ó tó hù. Òdòdó tó bá ti padé kò ní ṣí mọ́, nítorí náà, ajílẹ̀ tí ẹ bá fi sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, owó lẹ kàn ń dà nù. Láti orí wá sí ìdí ni ṣírí kan ti máa ń tanná, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí ooru ọjọ́ méjì fi lè pa apá kan ṣírí kí ó sì dá ìyókù sí.

Oṣù Kẹta wà lára ìgbà tí ooru máa ń mú jù lọ ní agbègbè Abuja, ìrẹsì yín sì tanná sínú rẹ̀. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ gbin ín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí ó lè tanná nígbà tí oṣù Kìíní bá ń parí lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí omi gbẹ lóko ní ọ̀sẹ̀ méjì tí òdòdó bá wà níta. Omi ni ìrẹsì fi ń làágùn, bí ilẹ̀ bá sì tutù dáadáa, ara ṣírí lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, Kura ní ìpínlẹ̀ Kano ni a wà. A tètè gbin tiwa ní oṣù Kẹwàá, síbẹ̀ èèpo ṣófo, àwọn ṣírí mìíràn kò tilẹ̀ jáde tán nínú ewé. Ooru kò sì tíì dé rárá nígbà náà.

Ìdáhùn: Màmá, òtútù ọyẹ́ ló ṣe èyí. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá kí ṣírí tó yọ, nígbà tí ikùn igi ti wú, ni ìyẹ̀fun òdòdó ń dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí òru bá tutù dé 15°C tàbí tó lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò yẹn, ìyẹ̀fun náà máa ń yàgàn. Ìrẹsì tí ẹ gbin ní oṣù Kẹwàá gbé ikùn pàdé ọyẹ́ gan-an. Ìparí oṣù Kọkànlá ni mo fara mọ́ fún apá ọ̀dọ̀ yín: òtútù á fà á sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tó bá ṣì kéré, kò léwu, ikùn rẹ̀ á sì wú nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ooru oṣù Kẹrin tó wọlé. Bí òtútù bá ká a mọ́ ibẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí omi jìn lóko. Ní Hokkaido ní Japan, omi tó jìn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ni àwọn àgbẹ̀ fi máa ń bo ṣírí tó ṣì wà nínú igi, torí pé omi kì í tètè tutù bí afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Ìrẹsì ìgbà òjò ni tèmi, ní Abaji. Orí ṣírí gbó dáadáa, ṣùgbọ́n hóró ìdí rẹ̀ fúyẹ́, ó sì rí pẹlẹbẹ.

Ìdáhùn: Oyún dúró níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú sítáàṣì tó ń kún inú hóró, lẹ́yìn tí ṣírí bá yọ ni àwọn ewé òkè ń fi oòrùn sè é. Hóró orí ló máa ń kọ́kọ́ gba tirẹ̀, tìdí á sì jẹ àjẹkù. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run fún ọ̀sẹ̀ méjì, àjẹkù náà kò ní sí. Òru tó móoru tún ń dá kún un, torí pé ìrẹsì máa ń ná lóru lára ohun tó pa lọ́sàn-án. Nínú àkọsílẹ̀ ọdún 1992 sí 2003 ní ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé tó wà ní Los Baños, Philippines, bí òru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá fi 1°C gbóná sí i, ìkórè ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ẹ gbin ín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, kí hóró lè máa kún ní oṣù Kẹwàá tí ojú ọ̀run bá ti ń là. Ẹ fi àyè 20 sẹ̀ǹtímítà sáàárín igi kan àti èkejì, kí ẹ sì dín ajílẹ̀ yúríà kù, nítorí ewé tó bá yọ̀ jù máa ń wó bo ara wọn. Bí igi màńgòrò bá ṣíji bo etí oko, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìrẹsì mi gbó, ó wúwo, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ nílé ẹ̀rọ.

Ìdáhùn: Ẹ fọwọ́ bó hóró díẹ̀, kí ẹ gbé e sórí tọ́ọ̀ṣì fóònù. Bí ikùn rẹ̀ bá funfun bí ẹfun tí ìmọ́lẹ̀ kò là á kọjá, ooru ló kánjú kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó tanná, sítáàṣì inú rẹ̀ kò sì kì pọ̀. Bí ó bá mọ́ gaara ṣùgbọ́n tí ìlà bí irun là á já, oòrùn ibi tí ẹ sá a sí àti ìrì òru ló là á. Ẹ kórè nígbà tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ṣírí bá ti pọ́n, ẹ sá a sí ibòji díẹ̀, kí ẹ sì máa bò ó lálẹ́. Sísè é kí ẹ tó bó o máa ń mú kí ìlà náà dì padà, ó sì ń ran oní-ẹfun lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Iná ojú títì wà létí oko wa. Ìrẹsì ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yọrí nígbà tí ìyókù yọ.

Ìdáhùn: Òru gígùn ni ọ̀pọ̀ ìrẹsì ìbílẹ̀ fi ń mọ̀ pé àsìkò àtiyọrí ti tó, iná náà sì gé òru mọ́ ọn lójú. FARO 44 kì í fi bẹ́ẹ̀ ka òru. Òun ni kí ẹ gbin sí àwọn ìlà tí iná náà ń tàn sí, kí ẹ sì sún ìrẹsì ìbílẹ̀ wọ inú oko lọ́hùn-ún.