Bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe wá ìmọ̀ràn kí èlùbọ́ wa tó dé ọjà

Ìmọ̀ràn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú èmi àti ọ̀rẹ́ mi ká. A ò tíì ra ọ̀rá kan, a ò tíì gbé gbodo dé ẹnu ẹ̀rọ, a ti ń jà.

Ọdún 2022 la pinnu pé a ó máa ta èlùbọ́ iṣu nínú ọ̀rá n'Íbàdàn, oníkílò kan àti oníkílò méjì, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ráyè dé ọjà. Mo lọ bá ọ̀gá mi àtijọ́ ní báńkì. Ọ̀rẹ́ mi lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń ta gbodo ní Bódìjà. Ọ̀gá mi ní ká dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ká gba ṣọ́ọ̀bù, ká yáwó. Màmá Bódìjà ní ká má náwó sórí ìwé kankan, ká kọ́kọ́ ta àpò mẹ́wàá ná. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ń sọ pé “ọ̀gá mi ní,” òun ń sọ pé “màmá mi ní.” Bẹ́ẹ̀, ohun tó ti wà lọ́kàn oníkálùkù wa tẹ́lẹ̀ la lọ gbé sí àgbà lẹ́nu. Èmi fẹ́ràn ìwé, òun fẹ́ràn owó tó ń wọlé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la ò fi bára wa sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ wá. Ó mú ìwé ògójì ewé kan lọ́wọ́, ó ní ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ dá lọ gba ìmọ̀ràn mọ́. Ẹnì kan á máa bèèrè, ẹnì kejì á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà fi tèmi kún un: a ò ní sọ “ẹ gbà wá nímọ̀ràn” fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èèyàn méje la ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ṣáájú, mẹ́fà ló gbàdúrà fún wa. Mi ò kọ àdúrà o, mo ṣe àmín tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n àmín ò lọ gbodo. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan pàtó ni ká máa gbé lọ.

Ọ̀dọ̀ lọ́yà kan la kọ́kọ́ lọ. Ìbéèrè wa ni pé, “Tí iṣẹ́ yìí bá jẹ gbèsè, ta ni olówó máa wá mú?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán la forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, àwa gan-an la jẹ ẹ́, wọ́n lè dé orí mọ́tò wa. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, kọ́ńpìnnì ló jẹ gbèsè rẹ̀. Ó ní CAMA, òfin kọ́ńpìnnì ti ọdún 2020, tún ti mú oríṣi kan wá fún àwọn alájọṣe bíi tiwa, tí wọ́n ń pè ní LLP, àjọṣe tí gbèsè rẹ̀ kì í dé orí ohun ìní àwọn alájọṣe. Lẹ́yìn náà òun náà bi wá léèrè: “Tí ọ̀kan nínú yín bá jápa ńkọ́?”

Mo wo ọ̀rẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ó ti kọ̀wé sí yunifásítì kan ní Kánádà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló jẹ́ ká kọ ìwé àdéhùn wa, ojú ìwé méjì péré: ẹni tó bá ń lọ kò ní fa owó rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò gbà á láàárín ọdún kan. Orúkọ òwò la mú nítorí owó rẹ̀ kéré. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ṣe é. Orúkọ méjì ni CAC ní ká mú wá, wọ́n kọ àkọ́kọ́ torí ó jọ ti ẹlòmíì, wọ́n gba èkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn la jọ lọ sí Bódìjà, ní ìdájí kí ọjà tó kún. A kọ́kọ́ ra gbodo ná, torí ẹni tó ń tajà, ọjà ló wá tà. Ìbéèrè wa ni bí a ṣe ń mọ gbodo tó gbẹ. Màmá mú ẹyọ kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ, ó dún gbàù. Wọ́n mú òmíràn, ó tẹ̀ díẹ̀ kó tó kán. “Èyí tí ò bá dún, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kòkòrò ló máa jẹ ẹ́.” Wọ́n wá pe alájàpá kan tó ń kó gbodo wá láti Ṣakí. Wọn ò kàn fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀ o, àwọn fúnra wọn ló pè é níṣojú wa, wọ́n ní, “Ọmọ mi ni wọ́n.” Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí obìnrin náà já àpò méjì fún wa láwìn nígbà tí ọwọ́ wa gbẹ lóṣù kẹta.

Síbẹ̀, a ṣe àṣìṣe. Ọ̀rá ogójì la kọ́kọ́ dì fún àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ kí wọ́n bá wa tọ́ ọ wò. Bí èlùbọ́ ṣe ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde ló gbóná, là ń dì í, là ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ọ̀rá fi ń làágùn, tí èlùbọ́ sì bu. Mo gbé ọ̀kan lọ bá Màmá. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ò tẹ́ ẹ kó tutù. Ẹ ò bi mí.” Lóòótọ́, a ò bi wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú ìwé wa, ọ̀dọ̀ ẹni yòówù ká lọ, ni: “Kí ló yẹ ká bi yín tí a ò bi yín?”

Ti NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń fún oúnjẹ inú ọ̀rá ní nọ́ńbà kó tó dé ọjà, ló dùn mí jù. Ọkùnrin kan ní òun mọ èèyàn níbẹ̀, pé òun á bá wa gba nọ́ńbà láàárín oṣù kan. A san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, fóònù rẹ̀ ò sì lọ mọ́. Àwa tí à ń gbéra ga pé a ti mọ bí a ṣe ń bèèrè! Nígbà tó yá, a fẹsẹ̀ ara wa lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ ka ohun tí wọ́n fẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́: ìwé CAC, ìwé pé àmì ọjà jẹ́ tiwa, àyẹ̀wò ara àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ̀rí pé a ti fín oògùn kòkòrò sí ilé, kí wọ́n sì wá wo ibi tí a ti ń ṣe é. Orí NAPAMS, ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, la ti ń fi ìwé ránṣẹ́. Àgbàlá tí adìẹ ti ń rìn kọjá lórí gbodo tí a sá, a mọ̀ pé kò lè yege. Títí a fi tún yàrá ṣe, kóńgò la fi ń wọn èlùbọ́ wa lọ́jà, ká kọ́kọ́ tà ná gẹ́gẹ́ bí Màmá ti wí níjọ́ àkọ́kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà wa jáde.

Lóṣù tó kọjá, Màmá pe ọ̀rẹ́ mi. Báńkì ń bèèrè ìwé CAC lọ́wọ́ wọn, ṣé a lè bá wọn ṣe é? Ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n mú orúkọ méjì wá. Wọ́n ní kí ló dé, ṣé òwò àwọn ò dá lórúkọ kan ni? Ó ní, “Màmá, ọmọ wo lẹ ti rí ní Yorùbá tí orúkọ kan ṣoṣo tó?” Sátidé ni wọ́n dé. Orúkọ méje ni wọ́n kọ wá.