Bí Mo Ṣe Bá Ara Mi Rẹ́ Nídìí Ijó Burlesque

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí mo ṣe pèsè ijó burlesque kan, ìyẹn ijó orí ìtàgé tí oníjó ti ń bọ́ aṣọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí mo ṣe kọ́ ìrìn rẹ̀, bí mo ṣe wọn ara mi tí mo sì rán aṣọ rẹ̀, àti bí mo ṣe gbé e lọ sórí ìtàgé lójú àwọn òǹwòran tó sanwó wọlé. Odindi ijó náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 lọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, àti àwọn ọkùnrin pẹ̀lú, tí ara wọn ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn, nítorí pé iṣẹ́ yìí ni ó sọ ara mi di tèmi, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú ni ó ṣe é, bí kò ṣe abẹ́rẹ́, téèpù ìwọnṣọ àti ìdánrawò.

Ìbàdí mi tóbi, àyà mi pẹlẹbẹ, ìlà tí oyún fi sílẹ̀ sì wà káàkiri ikùn mi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ dúdú tó fẹ̀ dáadáa ni mo máa ń rà, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo kàn mọ̀ pé ó ń bo ohun tí n kò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tó ni. Bí a bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń dúró sí, ọwọ́ mi á sì ti wà níwájú ikùn kí n tó mọ̀. Ohun tí mo bá lọ sí kíláàsì burlesque kò ju pé kí n lè dúró ṣánṣán láìfi ọwọ́ bo ohunkóhun.

Ẹni tí kò bá mọ ijó yìí lè rò pé bíbọ́ṣọ lójú èèyàn lásán ni. Eré ẹ̀fẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1868, Lydia Thompson kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí New York, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn ìtàn àtijọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kà sí ohun ńlá ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn obìnrin ń kó ipa ọkùnrin, tí wọ́n sì ń wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra, èyí tó fi ìrísí ẹsẹ̀ wọn hàn ní àsìkò tí yẹ̀rì obìnrin ṣì ń gbálẹ̀. Bíbọ́ṣọ wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì gbilẹ̀, títí tí àwọn aláṣẹ ìlú New York, nígbà tí Fiorello La Guardia jẹ́ olórí ìlú náà, fi kọ̀ láti sọ ìwé àṣẹ àwọn ilé eré burlesque dọ̀tun ní ọdún 1937. Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú ni ìran tuntun ti tún gbé e dìde, tí oníjó ń yan orin fúnra rẹ̀, tí ó ń rán aṣọ fúnra rẹ̀, tí ó sì ń pinnu ohun tí yóò bọ́ àti èyí tí kò ní bọ́. Irú èyí ni mo kọ́, ìpinnu yẹn sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́.

A kò bọ́ ohunkóhun ní kíláàsì wa fún ìgbà pípẹ́. Ìrìn ni olùkọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀. Iwájú ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀ kí gìgísẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kí ìbàdí lè yọ sí ẹ̀gbẹ́, a ó na ọrùn, a ó fa èjìká sẹ́yìn, a ó sì dúró díẹ̀ kí a tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni ó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ojú ara rẹ̀ ń tì máa ń fẹ́ tètè kọjá kí wọ́n má baà rí i tán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú tèmi, ẹni tó ń kánjú lórí ìtàgé ń tọrọ àforíjì pé òun wà níbẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ tó yí mi padà jù lọ ni ti ọwọ́. Olùkọ́ wa ṣàlàyé pé ibi tí ọwọ́ oníjó bá gbà lára rẹ̀ ni ojú òǹwòran ń tẹ̀ lé, ibi tí oníjó fúnra rẹ̀ bá sì tẹjú mọ́ ni àwọn náà yóò tẹjú mọ́. Mo dúró níwájú dígí, mo dán an wò, mo sì rí i kedere pé ọwọ́ tí mo fi ń bo ikùn láti ọjọ́ yìí wá ni ó ń tọ́ka sí i fún gbogbo ayé. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló ń darí ojú, a jẹ́ pé èmi ni mo ni ojú wọn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ gba ọrùn, kí n mú un wálẹ̀ sí àyà, kí n gbà á kọjá lórí ikùn láìyára, kí n sì gbé e lé ìbàdí. Ní àkọ́kọ́, bí ọwọ́ bá ti kan ikùn báyìí, yóò sáré kọjá. Mo ń tún un ṣe, mo ń tún un ṣe, títí tí ikùn fi di ojú ọ̀nà lásán tí ọwọ́ ń gbà lọ sí ìbàdí, tí mo sì lè dá ọwọ́ dúró níbẹ̀ bí orin bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ gígùn tó kọjá ìgúnpá ni a ń lò, èyí tí wọ́n fi sátíìnì tó ń fà rán, nítorí pé ó ń yọ̀ lára. Òwú lásán máa ń há mọ́ awọ ara bí òógùn bá ti dé. A fi àtíkè díẹ̀ sí apá kí a tó wọ̀ ọ́. Láti bọ́ ọ, a ó kọ́kọ́ fa orí ìka kọ̀ọ̀kan díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọmọńdinrín, kí ìbọ̀wọ́ lè tú; a ó ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ láti òkè ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́; a ó wá fi eyín di orí ìka àárín mú, a ó sì fa apá jáde. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ fún wa ni pé kí a fi odindi orin kan bọ́ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, kí a má sì bọ́ ohun mìíràn. Gypsy Rose Lee, oníjó burlesque ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1911, ni a mọ̀ jù lọ fún irú ọgbọ́n yìí: ó máa ń bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀, yóò máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ohun tí yóò sì bọ́ lára kì í tó nǹkan rárá. Nígbà tí mo ṣe tèmi parí, ó yé mi ìdí tí ìyẹn fi tó wọn. Ohun tí òǹwòran ń dúró dè kì í ṣe awọ ara, nítorí kò sẹ́ni tí kò rí apá rí. Ìpinnu ẹni tó wà lórí ìtàgé ni wọ́n ń dúró dè.

Mo fẹ́ sọ ti aṣọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìmúra tó jẹ́ tèmi. Mo fi téèpù wọn àyà, abẹ́ ọmú, ibi tí èèyàn ń di bẹ́líìtì sí, ìbàdí níbi tó fẹ̀ jù, àti láti ibi bẹ́líìtì dé ilẹ̀ pẹ̀lú bàtà onígìgísẹ̀ tí n ó fi jó lẹ́sẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo ti máa ń bẹ̀rù irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù èsì ìdánwò, ṣùgbọ́n bí sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ mi tí aṣọ sì wà nílẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà náà ní, ìyẹn ni láti sọ ibi tí n ó ti gé fún mi. Aṣọ ni à ń gé, a kì í gé ara. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gba aṣọ kankan láyè kó dá mi lẹ́jọ́ mọ́. Èyí tí kò bá bá mi mu, aṣọ náà ni mo ń tún rán.

Ní ti àwọ̀, mo kó ègé aṣọ oríṣiríṣi jọ, mo ń gbé wọn sí abẹ́ àgbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúdú mú ojú mi ṣú. Pupa tó ki bí ọtí wáìnì, pẹ̀lú àwọ̀ góòlù, mú kí awọ ara mi tàn, mo sì mú un. Ohun tí wọ́n ń tà ní àwọ̀ ara nínú iṣẹ́ yìí, àwọ̀ ara òyìnbó ni ó sábà máa ń jẹ́, nítorí náà mo ra ìbọ̀sẹ̀ gígùn náílọ́nù mo sì rẹ ẹ́ láró títí ó fi bá itan mi mu. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wo àmì ara ọjà náà: náílọ́nù máa ń mu àró ásíìdì tí a fi omi gbígbóná pò, ṣùgbọ́n pọliẹ́sítà kì í mu ún.

Corset, aṣọ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi okùn fún lẹ́yìn, gba sùúrù. A kì í fún un pinpin ní ọjọ́ àkọ́kọ́; wákàtí kan tàbí méjì ni mo ń wọ̀ ọ́ nílé, ní fífún díẹ̀, kí irin rẹ̀ lè mọ ìrísí mi. Kí a tó ṣí ìdè iwájú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú okùn ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin iwájú yóò tẹ̀. N kò fi síìpù sí yẹ̀rì mi, torí síìpù lè há nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. Ìkọ́ ńlá àti bọ́tìnì àtẹ̀pa ni mo lò, mo sì fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ òsì níwájú, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún mi ti lè rí wọn láìwolẹ̀. Ohun kékeré kan wà tí olùbẹ̀rẹ̀ kò ní fi ọkàn sí: pátá ni a ń wọ̀ sórí okùn tó di ìbọ̀sẹ̀ gígùn mú, kì í ṣe sábẹ́ rẹ̀. Ìbo orí ọmú ni mo fi téèpù tí a ṣe fún awọ ara lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti dán téèpù náà wò ní apá ṣáájú ọjọ́ náà bóyá ara yóò kọ̀ ọ́. Awọ ara gbọ́dọ̀ mọ́ kí ó má sì ní òróró kí ó tó lè mú, òróró náà ni a sì fi ń yọ ọ́ lẹ́yìn eré.

Orin tí mo yàn ní ìdákẹ́ tó hàn kedere, mo sì fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀: aṣọ àwọ̀lékè, ìbọ̀wọ́, yẹ̀rì, corset. Gbogbo aṣọ eré náà ni mo ń wọ̀ dánra wò, nítorí pé corset ń yí mímí padà. Mo ń fi fóònù ká ara mi sílẹ̀, mo sì ń kọ́kọ́ wo fídíò náà láìsí ohùn. Bí orin bá ń dún, yóò bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀; bí kò bá sí orin, ara nìkan ni ó kù, a ó sì rí ibi gbogbo tí ọwọ́ ti fẹ́ sá pamọ́.

Ìtàn àwọn tó ti jó ṣáájú ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Dirty Martini, obìnrin tó sanra dáadáa tó sì kọ́ ijó balẹ́ẹ̀tì, gba adé Miss Exotic World, ìdíje àwọn oníjó burlesque, ní ọdún 2004. Tempest Storm, tí a bí ní 1928, ṣì ń jó lẹ́yìn tó pé ẹni 80 ọdún. Toni Elling, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Detroit tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kó tó di oníjó, fa orúkọ ìtàgé rẹ̀ yọ láti ara orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, olórin Duke Ellington. Èmi náà ní orúkọ ìtàgé, n kò sì ní kọ ọ́ síbí, nítorí pé ọ̀kan lára iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ijó mi sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ oòjọ́ mi.

Ní alẹ́ eré, olóòtú kọ́kọ́ ka òfin fún àwọn òǹwòran: kí wọ́n má fọwọ́ kan oníjó, kí wọ́n má ya fọ́tò láìgbàṣẹ, kí wọ́n sì hó bí ohun kan bá wù wọ́n. Iná ìtàgé mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí kọjá ìlà àkọ́kọ́, nítorí náà mo yan òsì, àárín àti ọ̀tún, mo sì ń wò wọ́n ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí ẹni ń wo ojú èèyàn. Ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ pẹ́ jù bí mo ṣe fi dánra wò lọ, torí wọ́n ń hó, mo sì dúró dè wọ́n. Nígbà tí corset kúrò, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ikùn mi àti gbogbo ìlà rẹ̀ wà nínú iná, n kò sì ronú kàn án títí mo fi dé ẹ̀yìn ìtàgé, níbi tí ẹni tó ń bá wa ṣa aṣọ nílẹ̀ ti kó tèmi fún mi.

Láti ìgbà náà, mo ti dín gbogbo aṣọ fífẹ̀ mi kù níbi bẹ́líìtì, mo ń wọ pupa lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń ya fọ́tò níwájú. Abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ ògòǹgò ni mo ń kọ́ báyìí, irú èyí tí oníjó Sally Rand fi di olókìkí níbi àfihàn àgbáyé ti Chicago ní ọdún 1933. Abẹ̀bẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ti dé iwájú ara kí èkejì tó kúrò níbẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi kò tíì lè gbé méjèèjì títí orin yóò fi parí, nítorí náà ìdajì orin ni mo fi ń ṣe é, mo sì ń fi díẹ̀ kún un bí ọwọ́ bá ṣe ń le sí i.