Ọjọ́ méjì tí èmi àti Màmá lò ní Fes

Orúnkún Màmá ni mo kọ́kọ́ rò nígbà tí wọ́n sọ pé Fes ní ilẹ̀ Mòrókò làwọn fẹ́ fi owó tí àwa ọmọ dá jọ fún wọn lọ. Orí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tẹ ìlú àtijọ́ yẹn dó sí. Mọ́tò kì í wọ àárín rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni tọmọdé tàgbà fi ń rìn ín, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló sì ń ru ẹrù. Màmá ti di ẹni ọdún 68, orúnkún wọn ọ̀tún ò sì fẹ́ràn òkè rárá.

Ṣùgbọ́n ọmọ Tijániyyah ni wọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà Súúfí nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ìlọrin ni wọ́n ti gba wírìdì, àdúrà ojoojúmọ́ ọ̀nà náà, kí wọ́n tó bí mi, mo dàgbà bá orúkọ Fes lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ ni sàárè Ṣéhù Ahmad Tijani wà, ẹni tí wọ́n bí ní Ain Madhi ní ilẹ̀ Algeria ní 1737, tó kó wá sí Fes ní 1798, tó sì jáde láyé níbẹ̀ ní 1815. Ọ̀nà rẹ̀ ló tàn dé Sẹ̀nẹ̀gà, tó dé Kánò, tó dé Ìlọrin àti Ìbàdàn. Màmá ní, "Mẹ́kà, mo ti lọ. Ibẹ̀ yẹn ló kù tí mo fẹ́ fojú mi rí." Mi ò jiyàn mọ́.

A gba físà ní ẹ́ḿbásì Mòrókò ní Àbújá, a wọ bàálù láti Èkó dé Casablanca, a sùn síbẹ̀ mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ a wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Casa-Voyageurs. Ó sún mọ́ wákàtí mẹ́rin kí a tó dé Fes. Ìpele kìíní ni mo sanwó rẹ̀ nítorí pé àga ibẹ̀ ní nọ́ńbà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá Màmá du ìjókòó. Nígbà tí a kọjá Meknes, igi ólífì ló kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ súà. Mo ṣàlàyé igi tó jẹ́ fún Màmá. Wọ́n fi ọwọ́ kan gíláàsì fèrèsé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka "Watíínì wasàètúúnì", súrà Kùránì tí Ọlọ́run ti fi ọ̀pọ̀tọ́ àti ólífì búra, jẹ́jẹ́ dé ìparí, bí ẹni tó pàdé ẹni tó ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tipẹ́.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ orúnkún ni ibi tí a dé sí, ẹni tó bá fẹ́ gbé àgbàlagbà lọ Fes, kó fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ẹnu Bab Bou Jeloud ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà wọ ìlú àtijọ́, òkè pátápátá sì ni ibẹ̀ wà. Ọ̀nà ńlá méjì, Talaa Kebira àti Talaa Sghira, ló ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Sísọ̀ rẹ̀ dùn, àbọ̀ ni wàhálà. Orúkọ wọn gan-an ti sọ ọ́, nítorí pípọ́n òkè ni "talaa" túmọ̀ sí. Mo wo máàpù títí, mo wá rí i pé takisí lè dé ojúde R'cif ní ìsàlẹ̀, tí ibẹ̀ ò sì jìnnà sí mọ́ṣáláṣí Qarawiyyin. Mo bá gba yàrá sí ìtòsí R'cif. Nígbà tí a bá fẹ́ rìn káàkiri, a ó wọ takisí pupa kékeré láti R'cif, á gba ẹ̀yìn odi yí lọ sókè, àwa á wá máa fẹsẹ̀ rọra sọ̀ bọ̀ wálé. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ sọ fún awakọ̀ pé kó tan mítà rẹ̀. Owó díẹ̀ ni.

Láti ìta, ògiri lásán ni ilé tí a dé sí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ìgbà tí a wọlé la tó rí àgbàlá ní àárín, omi ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú agbada kan, yàrá yí i ká lókè nílẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí inú. Màmá dúró láàárín àgbàlá, wọ́n gbójú sókè wo ọ̀run. "Agboolé bàbá mi àgbà rèé." Òtútù rẹ̀ nìkan ni kò jọ ti Ìlọrin. Oṣù kọkànlá ni a lọ, kúbùsù mẹ́ta ni Màmá fi bora lálẹ́.

Mo ti ṣètò pé kí a sinmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màmá ò gbà. Wọ́n ní ìrun Àlàásárì kò gbọdọ̀ bá àwọn níbòmíràn.

Ládùúgbò tí wọ́n ń pè ní Blida ni sáwíyà wà, ilé ìjọsìn tí sàárè Ṣéhù wà nínú rẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi sọ fún wa pé wọ́n ti dí ọ̀nà tí a fẹ́ gbà, pé kí a tẹ̀ lé òun. Ó mú wa gba ọ̀nà tóóró kan, ó tún mú wa gba òmíràn, àfi bí a ṣe bá ara wa lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Inú bí mi, pàápàá bí mo ṣe rí Màmá tí wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Kò sí ọ̀nà kankan tí wọ́n dí. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló gbà wá. Màmá kí i ní sàlámà, wọ́n dá orúkọ kan ṣoṣo: "Sidi Ahmed Tijani?" Bàbá náà dìde, ó ní "Hajja," ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ ṣáájú wa dé ẹnu ọ̀nà sáwíyà. Kò gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ yẹn ni a ń fi bèèrè ọ̀nà, àgbàlagbà nìkan la sì ń bi.

Ẹnu ọ̀nà sáwíyà, igi tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì kùn ló ṣe òrùlé sórí rẹ̀, àlẹ̀mọ́ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ló sì bo ògiri. A bọ́ bàtà, a lọ sí apá àwọn obìnrin. Àwọn ìyá láti Sẹ̀nẹ̀gà ti kún ibẹ̀, aṣọ wọn gbòòrò, ó sì dàbí aláárì tuntun. Wọ́n sún fún Màmá. Lẹ́yìn ìrun, wàsífà, àdúrà àjùmọ̀ṣe àwọn Tijániyyah, bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé Màmá ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ nǹkan kan fún wọn mọ́. Àsítàgàfúrù ìgbà 30, Sàlátùl-Fátìhì ìgbà 50, Lá ìláhà ìgbà 100, Jáwárátùl-Kamálì ìgbà 12. Gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ni. Ohùn Màmá wọ inú ohùn àwọn yòókù, mi ò lè yọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, Màmá tú etí ìró wọn, wọ́n mú nọ́lọ̀n kan jáde, wọ́n mú ìwé kan jáde nínú nọ́lọ̀n. Orúkọ ni: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù wọn, àti àwọn òkú, àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń wá ọkọ fún. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá Sẹ̀nẹ̀gà rí i pé ojú wọn ò gbé e, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i. Ó di ìwé náà mú ní igun kan, Màmá di ìkejì, wọ́n sì pe orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti pe orúkọ kan tán, òun náà á ní "Àmín." Ó pé wákàtí kan dáadáa kí a tó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, takisí gbé wa lọ sókè. Bab Bou Jeloud fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àtijọ́ rárá, 1913 ni wọ́n kọ́ ọ. Búlúù ni ojú rẹ̀ tó kọ síta, àwọ̀ ewé ni èyí tó kọ sínú ìlú. A jẹun kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ọkùnrin kan ń bu nǹkan láti inú ìkòkò ńlá sínú abọ́ amọ̀. Bissara ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà fava gbígbẹ tí wọ́n ti bó ni wọ́n sè títí tó fi yọ́, wọ́n da òróró ólífì lé e lórí, wọ́n bu kúmínì sí i, búrẹ́dì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Màmá fi búrẹ́dì bù ú lẹ́ẹ̀kan. "Gbẹ̀gìrì ni! Ata àti epo ló kù." Wọ́n jẹ abọ́ méjì, ọkùnrin náà ò sì gba owó èkejì lọ́wọ́ Hajja.

Lọ́wọ́ ọ̀tún Talaa Kebira, bí ẹ ṣe ń sọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ilé-kéú Bou Inania. Ọba Abu Inan ló kọ́ ọ láàárín 1350 sí 1355. A san 20 dirham lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àlẹ̀mọ́ wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀ ògiri, píláásítà funfun tí wọ́n fín bí aṣọ léèsì wà lókè rẹ̀, igi kédárì gbígbẹ́ ló parí rẹ̀ lókè pátápátá. Ẹni tó lọ ilé-kéú Ìlọrin tí wọ́n ti ń jókòó sórí ẹní á lóye ìdí tí Màmá fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ra fún "Balak!" lójú ọ̀nà, igbe àwọn tó ń da ẹran ẹrù pé kí ẹ yà. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́yìn, ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìbaaka kan kọjá lára wa tí wọ́n di sílíńdà gáàsì mẹ́fà lé lórí, irin rẹ̀ há ògiri ní ọ̀tún àti òsì. Mo tún rí ọmọbìnrin kékeré tó gbé pákó lórí, ìyẹ̀fun pípò ló wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ilé ààrò àdúgbò ló ń gbé e lọ kí wọ́n bá ìyá rẹ̀ yan án.

Qarawiyyin la ti kírun Àyìlá. Mùsùlùmí nìkan ló ń wọlé, àwọn tó kù ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Màmá jókòó, wọ́n ń wo òpó lẹ́yìn òpó. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn: ọmọ ọlọ́jà tó ṣí wá láti Kairouan ní Tùníṣíà ni Fatima al-Fihri. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó fi ogún tó kàn án kọ́ mọ́ṣáláṣí yìí ní 859, Mariam arábìnrin rẹ̀ sì kọ́ ti àwọn ará Andalus sí òdìkejì odò. Ní Fes, wọ́n ń sọ pé Fatima gba ààwẹ̀ láti ọjọ́ ìpìlẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

"Obìnrin?" ni Màmá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Owó tiẹ̀ nìkan?"

"Owó ogún rẹ̀ ni wọ́n ní."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wọ̀ wọ́n lára. Ẹgbẹ́ àsàlátù wọn ń kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ó ti dúró sórí líńtẹ̀lì láti ọdún mẹ́ta, àwọn ọkùnrin àdúgbò sì ti ń sọ pé kí àwọn obìnrin gbé e sílẹ̀ fáwọn. Nígbà tí a jáde sí Seffarine, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà ti ń lu ìkòkò kò-kò-kò, mo fi ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé Qarawiyyin hàn wọ́n. Mo ní obìnrin ló tún òun náà ṣe, Aziza Chaouni, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ Fes, ní 2016 ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Màmá ní kí n fún àwọn ní fóònù. Nínú ariwo bàbà yẹn ni wọ́n ti fi ohùn ránṣẹ́ sí Ìyá Àdínì wọn lórí WhatsApp. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ dáadáa: "Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni kí n tó dé o."

Lọ́sàn-án, a lọ sí Chouara, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe awọ láti ayé àtijọ́. Orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù aláwọ ni èèyàn ti ń wò ó. Wọ́n fún wa ní ewé míńtì kí a máa fi símú, ó sì wúlò. Ihò funfun ló wà lápá kan, omi ẹfun tó ń bọ́ irun kúrò lára awọ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé tó ń mú un rọ̀. Ihò aláró ló wà lápá kejì, àwọn ọkùnrin rì sínú rẹ̀ dé itan, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ awọ. Màmá, tí ìyá wọn jẹ́ aláró, mọ méjì níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ: elú fún búlúù, làálì fún àwọ̀ ọsàn. Nísàlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù, tìmùtìmù ló tò jọ dé àjà, irú èyí tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ ń ṣe gan-an. Ọlọ́jà náà dá 600 dirham. Màmá yí i, wọ́n wo ojú abẹ́rẹ́, wọ́n fi èékánná fa okùn rẹ̀, wọ́n ní 200. Wọ́n na án títí dé 280. Òfìfo ni wọ́n tà á fún wa, ó sì ṣe é ká sínú báàgì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo ní kí takisí gbé wa gun òkè tí sàárè àwọn ọba Marinid wà. Ògiri tó wó ló kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Fes ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú èèyàn. Mo tọ́ka òrùlé aláwọ̀ ewé Qarawiyyin sí Màmá, àti míná rẹ̀ funfun, ilé gogoro tí wọ́n ti ń pe ìrun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka míná ìyókù, wọ́n ṣìnà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin wa di aago mẹ́ta. Màmá bi awakọ̀ takisí bóyá ó lè dúró de ìpè Àyìlá, ó ní kò burú. Nígbà tó tó àkókò, ohùn kan jáde láti ìsàlẹ̀, òmíràn gbà á, kò pẹ́ tí gbogbo àfonífojì náà fi kún. Màmá na fóònù sókè sí atẹ́gùn, wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò sì sọ nǹkan kan títí ìpè fi parí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn àsàlátù.